Òkété Jogún Ìgbín

Àlọ́ mi já wéré, ó já sí ẹnu ihò Òkété, ẹni tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ohun olóhun.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, Ìgbín aládùúgbò rẹ̀ fi awọ funfun dí ẹnu ìkarahun, ó sùn. Òkété gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, kò mira. Ó sáré lọ bá Ẹtu, olórí àdúgbò.

“Bàbá, Ìgbín ti kú. Ẹ jẹ́ kí n jogún oko rẹ̀.”

“Pè é lójú wa. Bí kò bá dáhùn, oko di tìrẹ.”

Òkété dárin, gbogbo ẹranko ń gbè é:

Ìgbín, dìde wá jẹun o,
Òjò ò tíì rọ̀!
Ìgbín, oko ń pè ọ́ o,
Òjò ò tíì rọ̀!

Ìgbín kò dáhùn. Òkété sunkún díẹ̀, ó gba oko. Ó ṣán an, ó kọ ebè, ó gbin kókò títí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kán.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ìgbín ya awọ ẹnu rẹ̀, ó yọ ìwo, ó wo oko yíká.

“Ẹ̀gbọ́n Òkété, ẹ kú iṣẹ́ o.”

Òkété wo Ẹtu. Ẹtu ní, “Òkú kì í kíni kú iṣẹ́. Gbé ọkọ́ rẹ, kí o máa lọ.”

Ó ti ń lọ nígbà tí Ìgbín pè é padà.

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá tún dé, mo tún máa kú.”