Igi Ìjọba Níwájú Ilé Opó

Opó náà ti ẹsẹ̀ bọ inú kòtò tí Suleiman, òṣìṣẹ́ ìjọba, ń gbẹ́ síwájú ilé rẹ̀ ní Ìkàrẹ́.

"Ìyá, igi máńgòrò lásán ni. Ìjọba ló fowó rà á, kí ìgboro lè ní ibòòji."

"Ìjọba tó ń gba owó orí, òun ló wá ń ta wá lọ́rẹ igi? Ní ìlú wa, ẹni tó bá gbin igi síbì kan ló ni ibẹ̀. Ẹ kó igi yín padà sí Ọ̀kà tí ẹ ti kó o wá!"

Bùsàrí, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kú, sáré yọ láti ilé kejì, ọkọ́ léjìká. Láti ọjọ́ ìsìnkú ló ti ń sọ pé obìnrin kì í jogún ilé.

"Ìyàwó wa, má bínú. Wọlé lọ sinmi. Èmi ni n ó bá ọ gbìn ín."

Opó náà wo ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ títí. Ó yọ ẹsẹ̀ nínú kòtò, ó já igi gbà lọ́wọ́ Suleiman, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa erùpẹ̀ bo gbòǹgbò rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará àdúgbò," ló ń pariwo, "ẹ jáde wá wò ó! Èmi ni mo gbìn ín o!"