Ẹ Má Pe Oríkì Mi

Gbogbo ará àdúgbò ló mọ̀ pé bí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tó ń sọ̀rọ̀, tó ń ya àwòrán inú ara, bá yájú sí ẹ, kí o máa lọ sílé lọ dúpẹ́. "Ó ti tán. Dìde!" Kò sóhun tó ń ṣe ẹ́ nìyẹn. Àmọ́ bó bá rí ohun tí kò dáa, ohùn rẹ̀ á rọ̀, á wá máa fi oríkì pe èèyàn, torí wọ́n ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tu ọmọ Yorùbá nínú.

Ìdí nìyẹn tí Tinúọlá fi purọ́ fún ọmọbìnrin tó ń gba orúkọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Mi ò ní oríkì."

Àyọ̀ká ni ìyá rẹ̀ ń pè é.

Ó dùbúlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì sì gbé e wọ inú ẹ̀rọ lọ. Jágbe mọ́ mi, ló ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀, ní kí n dìde.

Ẹ̀rọ náà ya àwòrán rẹ̀ tán. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí ni oríkì yín?"