Àyè Nínú Àpótí Má-Dà-á-Nù

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀ jàre, Ẹ̀gbọ́n mi! Àpótí tó ti kún dẹ́nu, ẹ tún ń ṣọ́ ọ bí adìyẹ tó ń sàba."

"Mi ò gbọ́wọ́ kúrò. O fẹ́ dílíìtì nǹkan mi."

"Ta ló fẹ́ dílíìtì? Ákáífù ni mo wí. Ákáífù!"

Máọ̀sì kan ṣoṣo làwọn méjèèjì ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́, bí ọmọdé tó ń du eegun ẹran. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn nílé iṣẹ́ tó ń ta pọ́ǹpù omi. Má-Dà-á-Nù ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí kì í da nǹkan nù. Bíró tí kò kọ̀wé mọ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀. Ímeèlì tí oníbàárà kan fi kí i kú ọdún nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀, ó ṣì wà nínú àpótí ẹ̀. Òun ló bẹ ọ̀gá títí tí wọ́n fi gba àbúrò ẹ̀ síṣẹ́. Òun náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà.

Láti ọjọ́ Ajé ni àpótí ímeèlì Má-Dà-á-Nù ti kún. Tóun bá kọ̀wé, ó ń lọ. Èyí tí wọ́n bá kọ sí i ni ò ríbi wọ̀, ṣe ló ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti pẹ́ tí ara ti tù ú tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Àfi láàárọ̀ yìí tí ọ̀gá yọrí lẹ́nu ọ̀nà, tó ní ẹni tí àpótí ẹ̀ bá ṣì kún tí wọ́n fi ṣíwọ́, òun àti olúwa ẹ̀ ni.

"Ṣebí ẹ gbọ́ ọ̀gá?" ni àbúrò wí. "Ogún ọdún yín pé níbí lọ́la. Ṣé ìjà lẹ fẹ́ gbé wọ̀ ọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ létí. Ẹni tó bá pé ogún ọdún nílé iṣẹ́ yẹn ló ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tí ò bá pé e, ọwọ́ òfìfo ló ń gbé relé. Má-Dà-á-Nù ti mọ ohun tó máa fi tiẹ̀ ṣe. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ìyá wọn ń gbé, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò sì gbé e mọ́. Ìdí ló fi ń wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láràárọ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ ni Má-Dà-á-Nù fẹ́ kọ́ fún un. Ó tiẹ̀ ti mú ọ̀dà ògiri.

"Ákáífù tó ò ń pariwo ẹ̀ yìí, ibo ló ń kó wọn lọ gan-an?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, bíi yàrá ẹ̀yìn ni. Ẹ kó ẹrù kúrò ní pálọ̀, ẹ kó o síbẹ̀. Kò sọnù. Àmọ́ àlejò á ríbi jókòó."

Má-Dà-á-Nù rẹ́rìn-ín. "Ẹnu ẹ dùn jù. Ó dáa, àmọ́ ojú mi á wà níbẹ̀."

"Ẹ dìde fún mi, kí n jókòó. Ọwọ́ mi ò tó máọ̀sì láti ẹ̀gbẹ́."

Ó dìde. Àbúrò jókòó, ó fa àga mọ́ tábìlì, ó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, torí ẹsẹ̀ tiẹ̀ kúrú.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó pẹ́ jù.

"Ta nìyí?"

"Bàbá onílé ìfọṣọ. Lẹ́tà ńlá ló fi ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀, bí ẹni ń jágbe mọ́ èèyàn. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, pè é lórí fóònù. Á rọ̀ wọ̀ọ̀."

"Eléyìí ńkọ́?"

"Ìyá ẹlẹ́ja. Tí pọ́ǹpù ẹ̀ bá kú, ẹja ẹ̀ náà kú nìyẹn. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn."

"Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n pe òun láàárọ̀?"

Inú Má-Dà-á-Nù dùn. Ẹnì kankan ò bi í léèrè nípa iṣẹ́ ẹ̀ rí báyìí. Ó fa àpótí bébà kan, ó jókòó lé e, ó sì ń rò ó lọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Akọ̀wé ọ̀gá yọjú. "Ṣé àyè ti wà?"

"Ó kù díẹ̀," ni àbúrò wí. Kò gbójú sókè.

Nígbà tó tún padà wá bi wọ́n, Má-Dà-á-Nù pòṣé. "Kí ló kàn án? Ṣé inú àpótí mi ló fẹ́ sùn sí ni? O ò mọ̀ wọ́n níbí. Awakọ̀ kan wà tí wọ́n fẹnu lásán bá sọ̀rọ̀, ló bá ní òun ò gbọ́, ó gbé wọn lọ sí kóòtù, ó sì jàre. Látìgbà náà, ohun tí ò bá tíì wọ àpótí ẹ, wọn ò tíì sọ ọ́ fún ẹ. Kí ìgbálẹ̀ ṣáà kán, ímeèlì ni."

"Mo mọ̀," ni àbúrò wí.

Oòrùn ti ń kúrò lójú fèrèsé nígbà tí ìlà pupa tó ń sọ lójú kọ̀ǹpútà pé àpótí ti kún pòórá. Má-Dà-á-Nù pàtẹ́wọ́. Ó dì mọ́ àbúrò ẹ̀ látẹ̀yìn.

"Ọlọ́run á fún ẹ lẹ́ni tó máa ṣe ẹ́ bó o ṣe ṣe mí lónìí yìí."

Àbúrò ò ṣe àmín. Ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà.

Má-Dà-á-Nù mú báàgì ẹ̀. "Ó yá, dìde, jẹ́ kí n pa á, ká lọ wo ìyá wa."

Kọ̀ǹpútà dún.

Ímeèlì tó ti ń padà láti ọjọ́ Ajé ló wọlé: iṣẹ́ Má-Dà-á-Nù parí lónìí, àbúrò ẹ̀ ló sì gba iṣẹ́ náà láti ọ̀la lọ, àbúrò ò sì dìde lórí àga.

Ìyá tó bí àwọn méjèèjì ló jìyà ẹ̀: orí àtẹ̀gùn yẹn ló ṣì ń fìdí wọ́.