Ẹni Tó Ń Jẹ Iná Kámẹ́rà

Ọ̀gá fi ẹ̀yìn àdá gbá oníṣẹ́ kámẹ́rà lẹ́nu, eyín kan sì bọ́ sílẹ̀.

"Ìwọ lo pa kámẹ́rà géètì fún àwọn olè rẹ! Bí kò bá tàn báyìí, ọwọ́ rẹ yẹn ni n ó gé."

"Ẹ ṣàánú mi, sà. Wáyà tó ń gbé àwòrán kámẹ́rà wá náà ló ń gbé iná lọ bá a. Ẹnìkan ti so nǹkan mìíràn mọ́ àpótí tó ń pín iná fún àwọn kámẹ́rà, òun ló ń jẹ iná náà."

Oníṣẹ́ náà tọ wáyà àjèjì kan láti inú àpótí náà dé àjà, ó sì ya páálí àjà. Kámẹ́rà kékeré kan yọjú, ó ń wo àdá ọwọ́ ọ̀gá.

Ìyàwó ọ̀gá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ kan ti wú dí.

"Má tíì fà á yọ, àbúrò mi. Àwọn ọlọ́pàá ṣì ń wò ó lọ́wọ́."