Ìmàdò àti Oyin Àlejò

Àlọ́ o! Ààlọ̀! Àlọ́ mi ré kété, ó já lu Ìmàdò, ọba Igbó Ẹ̀pà.

Àwọn igbó olóyin tó yí i ká fẹ́ wó ọgbà àárín wọn, kí wọ́n máa bára wọn tajà láìsan owó ibodè. Wọ́n ní kí Ìmàdò wá dara pọ̀. Ẹ̀pà ń bu nínú abà àwọn ọmọ ìlú rẹ̀, kò rẹ́ni rà á, ṣùgbọ́n Ìmàdò pe ìlú jọ, ó dárin, wọ́n ń gbè é:

"Ẹ má wó ọgbà o!"
Tiwa là ó jẹ!
"Oyin àlejò, májèlé ni!"
Tiwa là ó jẹ!

Òkété sún mọ́ ọn. "Kábíyèsí, kí ló ń dán nírùngbọ̀n yín?"

"Òógùn ni. Ìfẹ́ ìlú ló ń mú mi làágùn."

"Òógùn tí èèrà ń tò lé lórí?"

Ìlú bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tọ ipa èèrà dé ẹ̀yìn ààfin, wọ́n bá ihò kan lára ọgbà tó gba imú ọba rẹ́gí, afárá oyin sì wà lẹ́nu ihò náà. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n wó ọgbà.

Ẹ̀pà tà wàràwàrà, oyin dé ilé tolórí tẹlẹ́mù. Ìmàdò nìkan ló ń pòṣé: oyin tí gbogbo ìlú ń lá kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi fìdí kalẹ̀ sí.