Ìwé Tí Bàbá Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta Kọ̀ Láti Ṣí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má ka ìlàjì kí ẹ wá máa fi ránṣẹ́ kiri, torí àìkà-á-dé-òpin gan-an ló bí gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí.

1.

Aránṣọ kan wà tó tún jẹ́ alàgbà nínú ìjọ. Bí ẹ bá gbé aṣọ lọ bá a, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló máa wọ̀n ọ́n kó tó fi àlùmọ́gàjí kàn án. Bí oníbàárà bá ń kùn, á ní, "Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gé e lẹ́ẹ̀kan." Báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Bàbá Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Ọdún méjì ti kọjá tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Orin mọ́kànlélógún ni obìnrin náà fi sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé kan ṣoṣo tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ìjọ fẹ́ kọ àwọn orin náà ní ìrántí rẹ̀. Bàbá gbé ìwé náà fún ọmọbìnrin wọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé pé kó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀yìn ẹ̀ ti ń ya," ló wí. "Wá bébà tó nípọn bò ó. Òun nìkan ló kù lọ́wọ́ mi tó jẹ́ àfọwọ́kọ ìyá ẹ."

2.

Lásìkò yẹn, ìwé ìtàn kan gbòde kan, ìtàn ìyàwó olùṣọ́ ìjọ kan tó di ẹrù rẹ̀ tó sì fi ilé ọkọ sílẹ̀. Wọ́n ń kà á nínú ọkọ̀, wọ́n ń kà á lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan nínú ìjọ ní ó ń ba ìgbàgbọ́ jẹ́. Àwọn kan ní ìtàn lásán ni. Olùṣọ́ ìjọ tiwọn ní kí Bàbá Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kà á, kó wá jábọ̀.

Ṣé iṣẹ́ tó le nìyẹn? Ka ìwé, kí o sọ ohun tó wà níbẹ̀. Bàbá kò rà á, kò yá a. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó dìde láàárín ìjọ ó ní, "Ẹ̀gbin ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin!"

Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ rẹ̀ bi í pé, "Bàbá, ẹ tiẹ̀ ti kà á?"

"Ṣé ó dìgbà tí mo bá tọ́ májèlé wò kí n tó mọ̀ pé májèlé ni?"

"Ẹni tó sọ fún yín pé májèlé ni ńkọ́? Ṣé òun ti tọ́ ọ wò?"

"Má bá mi fa ọ̀rọ̀. Èmi ni mo bí ẹ."

"Ẹ̀yin lẹ bí mi, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé a kì í gé aṣọ tí a ò wọ̀n."

"Ìwé kì í ṣe aṣọ!"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà.

3.

Ó ní kí gbogbo ẹni tó bá ní ìwé náà kó o wá sí àgbàlá ìjọ lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n jó o. Olùṣọ́ ní kí wọ́n ṣe sùúrù, àfi bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà rí àlébù sí i, Bàbá ní ilé òun lòun máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí Bàbá wọ yàrá ọmọ náà. Ohun tó rí lórí tábìlì dá a dúró: èèpo ẹ̀yìn pupa, àwòrán obìnrin tó gbé bàtà lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ èèpo ìwé ìtàn yẹn.

"Nínú ilé mi!"

Ó fi àjákù aṣọ gbé e, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà kàn án.

Ní àgbàlá, iná ti ń jó nínú àgbá irin. Bàbá gbé ìwé náà sókè. "Abẹ́ òrùlé èmi gan-an ni mo ti rí èyí!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Olùṣọ́ súnmọ́ ọn. "Alàgbà, ẹ ṣí i. Ẹ ka ibi kan ṣoṣo tó burú sí wa létí."

"Kí ojú mi tó rí i, ó yá kó fọ́!"

Ó jù ú síná.

4.

Kò pẹ́ ni ọmọ rẹ̀ sáré wọ àgbàlá náà, ó ń mí hẹlẹ. "Bàbá, ẹ bá mi rí ìwé Màámi? Mo gbàgbé ẹ̀ sórí tábìlì láàárọ̀."

"Ìwé wo?"

"Ìwé orin. Ẹ ní kí n wá bébà tó nípọn bò ó. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń tẹ ìwé tí ẹ ń bá jà yẹn. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ tó bàjẹ́ lẹ́nu ìtẹ̀wé pọ̀ nílẹ̀, mo bá fi ọ̀kan bò ó."

Bàbá ki ọwọ́ bọ iná. Kí wọ́n tó fà á kúrò, àwọ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ohun tó rí mú jáde kò ju àjákù ojú ìwé kan lọ, "Ègbè" nìkan ló ṣẹ́kù lára rẹ̀.

"Mélòó lo ti tẹ̀?"

"Mẹ́ta, Bàbá. Mẹ́ta péré."

Lọ́jọ́ ìrántí, ẹgbẹ́ akọrin kọ orin mẹ́ta, wọ́n jókòó. Gbogbo ìjọ ń retí ìkẹrin. Bàbá ń wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá ra ìwé ìtàn yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kà á. Ó rí ibi méjì tó bí i nínú ní tòótọ́, ó fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ fàlà sí i. Ká ní ìyẹn ló gbé wá jábọ̀ ni, ìjọ ì bá gbọ́ ọ. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ mọ́?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àgbà ìjọ, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ fẹ́ràn gbogbo ìwé. Bó bá burú, ẹ sọ pé ó burú, kí ẹ sì tọ́ka sí ojú ìwé tó ti burú. Ṣùgbọ́n, ẹ dákun, ẹ ṣí i ná! Iná kì í dá ohun tó bá ti jẹ padà. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó dájọ́ láì gbọ́ ti ẹnì kankan ńkọ́?