Orúkọ Verlon Tó Ṣáájú Rẹ̀ Dé Àtìmọ́lé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi kà á tán. Tí ẹ bá dúró sí àárín, ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

1.
Wẹ́dà ni Verlon Tackett, ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń kan bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé ní Harlow Creek, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi jó irin níbẹ̀. Kò jalè rí, kò mutí wakọ̀ rí. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ó gbọ́n lójú ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ.

Ní oṣù kọkànlá, Odette Marsh tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwa òṣìṣẹ́ kó fọ́ọ̀mù wá bá wa ní yàrá oúnjẹ. Ó ní yàtọ̀ sí owó ìwòsàn àti owó ìfẹ̀yìntì, ilé iṣẹ́ ti fi nǹkan tuntun kún un: àwọn kan yóò máa ṣọ́ orúkọ òṣìṣẹ́ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún un. Bí ẹlòmíì bá fi í ṣe ohunkóhun níbikíbi, wọn yóò ta á lólobó, wọn yóò sì bá a tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni. Kéèyàn ṣáà ti fọwọ́ sí i.

Verlon gbé ṣíbí sílẹ̀. "Odette, ta ló fẹ́ jí orúkọ èmi? Ẹni tó bá jí i, kó yáa kó ẹ̀yìn tó ń dùn mí àti ìyá ìyàwó mi mọ́ ọn."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Odette ní, "Verlon, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Ẹ kàn kọ orúkọ yín síbí."

"Orúkọ tí ẹ ní wọn yóò máa bá mi ṣọ́, òun náà lẹ tún ní kí n kọ fún àjèjì? Ẹ gbé e lọ jàre."

Àwa mẹ́fà la wà nídìí tábìlì yẹn. Nítorí pé Verlon ti fi ṣẹ̀sín, kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Èmi náà wà níbẹ̀.

2.
Ní oṣù kejì, lẹ́tà dé láti ilé ìwòsàn tó ti ń tọ́jú ẹ̀yìn Verlon. Wọ́n ní àwọn olè ti wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn, ó ṣeé ṣe kí orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn.

Nadine ìyàwó rẹ̀ ló mú un fún un. "Verlon, jọ̀ọ́, ka nǹkan yìí."

"Nadine, gbogbo ayé ni wọ́n ń fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ sí." Ó fi lẹ́tà náà nu òróró ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, Odette lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé ẹni tó bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣì lè fọwọ́ sí i kí oṣù tó parí. Verlon kọjá níwájú ìwé náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

3.
Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹfà ni ìgbéyàwó Karis, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Verlon bí. Ní ọ̀sán Jímọ̀, Verlon wakọ̀ lọ gba aṣọ tí yóò wọ̀ níbẹ̀. Ọlọ́pàá dá a dúró pé ó sáré jù. Ó gba láísẹ́ǹsì rẹ̀, ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì padà wá pẹ̀lú ọwọ́ lórí ìbọn.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa rí ọwọ́ yín."

"Kí ni mo ṣe?"

"Wọ́n ń wá yín ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ẹ fi ọkọ̀ gbá obìnrin kan, ẹ sá lọ. Wọ́n mú yín, wọ́n gba onídùúró yín, ẹ ò yọjú sí kóòtù."

"Georgia? Mi ò débẹ̀ rí láyé mi!"

"Ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ nìyẹn."

Ní àtìmọ́lé, nígbà tí wọ́n jẹ́ kó pe ilé, Karis ló gbé fóònù. "Dádì, níbo lẹ wà? Àwọn ẹbí ti pé sílé, wọ́n ń dúró dè yín."

"Karis, wọ́n ti mú mi."

"Ẹ má bá mi ṣeré, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe lónìí."

Verlon rọra gbé fóònù sílẹ̀. Ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ó gbé ìwájú orí lé ògiri, ó ń sunkún.

Kóòtù Georgia ò ní ṣí títí di ọjọ́ Ajé, torí náà àtìmọ́lé ni Verlon wà. Lọ́jọ́ Sátidé, Karis dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú aṣọ funfun lára fún ogójì ìṣẹ́jú. Àbúrò Nadine ló padà mú un wọlé.

4.
Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fi ìtẹ̀ka rẹ̀ wé ti ọ̀daràn tó fi orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní Georgia. Kò bára mu. Wọ́n ní kó máa lọ.

Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ò kúrò nínú ìwé kóòtù. Ilé iṣẹ́ ti yàn án pé òun ni yóò di fọ́mánì, ọ̀gá àwa òṣìṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wádìí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ wò, ẹjọ́ Georgia ló jáde. Wọ́n fún ẹlòmíì ní ipò náà. Verlon tọ Odette lọ.

"Ẹ wò ó, ẹ fún mi ní fọ́ọ̀mù yẹn. Kí àwọn èèyàn yín bá mi tún un ṣe."

Omi lé sí ojú Odette. "Verlon, wọn kì í dá sí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kéèyàn tó fọwọ́ sí i. Oṣù kẹta ni ẹjọ́ yẹn ti wọ ìwé kóòtù. Ká ní orúkọ yín wà lọ́dọ̀ wọn ni, wọn ì bá ti pè yín."

Verlon wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi ń kọ lẹ́tà, tó ń bẹ kóòtù, kí wọ́n tó wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́. Karis ò bá a jà. Ó kàn jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá ń wo àwòrán ìgbéyàwó náà, Verlon á dìde, á ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ìkìlọ̀ mi rèé. Bí ibi iṣẹ́ yín bá ní àwọn fẹ́ bá yín ṣọ́ orúkọ yín, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bèèrè ohun tí wọn yóò ṣe àti ohun tí wọn ò ní ṣe, kí ẹ sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Bí lẹ́tà ìkìlọ̀ bá dé, ẹ kà á. Ìṣọ́ náà kì í dá olè dúró, àmọ́ ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ tètè mọ̀. Wọ́n lè wẹ orúkọ yín mọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Kò sí kóòtù tó lè dá ọjọ́ Sátidé yẹn padà.